Àrokò Inú Orí Ẹ̀fọn: Ohun Tí Ń Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Tí Ó Bá Mu Ẹ̀jẹ̀ Wa Tán

Bí ènìyàn bá jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ nínú ilé kan ní Ọ̀jọ́, tàbí ní Ìbà, tàbí ní Okokomáíkò, tí ó sì tan iná sí ara ògiri, kì í pẹ́ kí ó tó rí ẹ̀fọn kan tí ó dúró jẹ́ẹ́. Ikùn rẹ̀ ti wú, ó sì pupa fòò. Kò sá nígbà tí a súnmọ́ ọn. Ọmọ ilé a na ọwọ́, a gbá a mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ a sì kù síbẹ̀. Ọmọ náà a máa yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ara rẹ̀ ni, tàbí ti àbúrò rẹ̀ tí ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi ara wa nípa ẹ̀fọn yìí. Èkíní, kí ni ó dé tí ohun tí ọwọ́ àgbà kò lè tẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru fi di ohun tí ọmọdé ń pa ní òwúrọ̀? Èkejì, bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ni ó dé tí kì í tètè padà wá jẹ wá, bí ó tilẹ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú wa? Ẹ̀kẹta, kí ni ó ń pè é padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ara ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, àgàgà nínú orí rẹ̀ tí kò ju hóró iyọ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni èyí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bí 597,000 ènìyàn ni ibà pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2023. Nínú 100 tí ó kú, 95 jẹ́ ará Áfíríkà, nǹkan bí 31 sì jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan. Púpọ̀ jùlọ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5. Olùkọ́ tí ó ti pe orúkọ ọmọ kan rí ní òwúrọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn, mọ ohun tí iye wọ̀nyí túmọ̀ sí.

Ilẹ̀ wa àti àwọn ẹ̀fọn rẹ̀

Ọ̀jọ́ jẹ́ ìlú àwọn Àwórì láti ìgbà àtijọ́, ó sì wà létí omi tí a ń wa ọkọ̀ gbà lọ sí Àgbádárìgì. Ní etí omi wọ̀nyí, níbi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi tí kò níyọ̀, tí àwọn igi ẹrọ̀fọ̀ sì na gbòǹgbò wọn sókè, ni irú ẹ̀fọn ibà kan wà tí ó lè yé ẹyin sínú omi oníyọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Anopheles melas. Ní òkè ilẹ̀, ní Ìbà àti Okokomáíkò, àti ní àyíká Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983, omi òjò a máa dúró sínú ihò ojú ọ̀nà, sínú ipa táyà ọkọ̀, àti sínú ìpìlẹ̀ ilé tí a kò tí ì kọ́ tán. Irú omi tí oòrùn ń tàn sí bẹ́ẹ̀ ni Anopheles gambiae àti àwọn ìbátan rẹ̀ fẹ́ràn.

Aedes aegypti yàtọ̀. Ẹ̀fọn dúdú tí ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀ ni, ojúmọmọ ni ó sì ń jẹni. Inú àmù, agolo àti táyà àlòkù ni ó ń yé ẹyin sí. Bí a bá sì fi ara fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n tí ó bàjẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà Alábà kí òjò máa rọ̀ sínú wọn, ilé ni a kọ́ fún un. Culex, tí ń kọrin sí wa létí ní òru, fẹ́ràn omi ìdọ̀tí inú gọ́tà.

Nínú gbogbo wọn, abo nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Akọ a máa mu omi dídùn ara òdòdó àti ewéko, abo náà a sì máa mu ún. Ṣùgbọ́n kí abo tó lè ṣe ẹyin púpọ̀, ó nílò oúnjẹ tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe ń wá ọmọ wa.

Ìlù àti àrokò

Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà méjì ni ọba fi ń ránṣẹ́. Bí ogun bá dé lójijì, a ó lu ìlù, ìlú a sì gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ọba a di àrokò, a so owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, a sì fi lé ońṣẹ́ lọ́wọ́. Ońṣẹ́ a gba àárín ọjà kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a rí i, wọn kì yóò sì mọ ohun tí ó gbé. Ẹni tí a fi rán sí nìkan ni yóò tú u, tí yóò sì ṣe bí ó ti wí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nínú ara ẹ̀dá alààyè. Iṣan ìmọ̀lára ni ìlù: bí eṣinṣin bá súnmọ́ ẹyinjú wa, ìpéǹpéjú a pa dé kí a tó rò ó. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ní ọ̀nà kejì. Àwọn hóró kan nínú ọpọlọ àti nínú iṣan a máa pèsè èròjà kan, wọn a sì tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà náà a lọ káàkiri ara, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara tí ó ní ohun tí a fi ń gbà á nìkan ni yóò gbọ́ àṣẹ rẹ̀. Ońṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní họ́mónù. Èyí tí ó ti inú hóró iṣan jáde, tí a sì to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kéékèèké pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní neuropeptide. Àwa yóò pè é ní àrokò ọpọlọ.

Bí a ti ṣe mọ̀

Ní 1922 ni Stefan Kopeć, ará Póláǹdì, tẹ ìwé kan jáde lórí ìdin irú labalábá òru kan. Ó fi hàn pé bí a bá yọ ọpọlọ ìdin náà kí àkókò kan tó pé, kì yóò lè para dà. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ lẹ́yìn àkókò náà, yóò para dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Èyí fi hàn pé ọpọlọ ti rán iṣẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Vincent Wigglesworth ní Lọ́ńdọ̀nù mú kòkòrò kan tí ń jẹ́ Rhodnius, tí ó dà bí ìdun ńlá, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọmọ kòkòrò yìí a mu ẹ̀jẹ̀ yó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a bọ́ awọ rẹ̀, a sì dàgbà sí i. Nínú ìwé tí Wigglesworth tẹ̀ ní 1934, ó ròyìn pé bí òun bá gé orí rẹ̀ kété lẹ́yìn oúnjẹ, ara tí kò lórí náà a wà láàyè fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kì í bọ́ awọ. Bí òun bá dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí òun tó gé e, a bọ́ awọ rẹ̀ láìlórí. Nígbà tí ó so ara méjèèjì pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè dàpọ̀, èyí tí kì bá bọ́ awọ náà bọ́ ọ. Àrokò wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ó tún rí ohun mìíràn. Bí ó bá gé iṣan tí ó ti ikùn lọ sí orí, kòkòrò náà kì í bọ́ awọ, bí ó tilẹ̀ yó. Nítorí náà, ikùn tí ó wú ni ó ń kọ́kọ́ lu ìlù sí orí pé oúnjẹ ti dé. Nígbà náà ni orí ń di àrokò tí ó sì ń rán an jáde.

Àrokò kìíní: "Da omi nù"

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ara ògiri wa. Ẹ̀jẹ̀ tí abo ẹ̀fọn ń mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè wúwo tó ara rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo obìnrin tí ó ru ẹrù tí ó wúwo tó òun fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ń lé e! Púpọ̀ nínú ẹrù náà jẹ́ omi àti iyọ̀ tí kò wúlò fún un. Nínú ikùn rẹ̀ ni ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún wà, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe nínú ara wa. Kí ó tó kúrò lára ẹni tí ó ń jẹ pàápàá, àrokò ti dé ọ̀dọ̀ wọn, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí kán ní ìdí rẹ̀. Nínú Aedes aegypti, láàárín wákàtí kan tàbí méjì, a ti da nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún omi inú ẹ̀jẹ̀ náà nù.

Simon Maddrell ni ó fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé irú ońṣẹ́ yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ Rhodnius. Ní 2005, àwọn onímọ̀ mọ èyí tí ó wà nínú Anopheles gambiae, ẹ̀fọn ibà tiwa gan-an. Ìlẹ̀kẹ̀ 31 ni ó wà lórí okùn rẹ̀, ó sì jẹ́ ìbátan họ́mónù kan tí ń bẹ ní ọrùn ènìyàn, tí a ń pè ní calcitonin.

Ìdáhùn ìbéèrè kìíní nìyí. Ẹ̀fọn tí ó dúró lára ògiri ní òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹrù ni ó wúwo fún un. Ó ń da omi nù, oúnjẹ sì ń dà nínú rẹ̀. Kò sí ìgbà tí ó rọrùn fún wa láti pa á ju ìgbà náà lọ.

Àrokò kejì: "Ṣe ẹyin"

Lẹ́yìn oúnjẹ náà, àwọn hóró kan ní àárín ọpọlọ a tú àrokò mìíràn jáde. Arden Lea fi hàn ní 1967 pé ẹ̀fọn tí a bá yọ hóró wọ̀nyí lórí rẹ̀ lè mu ẹ̀jẹ̀ yó, kí ẹyin rẹ̀ má sì gbó. Ní 1998 ni a ya àrokò náà sọ́tọ̀ tí a sì mọ bí a ti to ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Àwọn ońṣẹ́ mìíràn ń bá a rìn, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ínsúlínì, èyí tí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n a lọ sí ilé ẹyin. Ilé ẹyin a sì rán ońṣẹ́ tirẹ̀ sí ọ̀rá inú ara. Ọ̀rá a bẹ̀rẹ̀ sí pèsè oúnjẹ tí ó ń di pupa ẹyin. Láti inú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kékeré yẹn, Anopheles kan lè yé ẹyin 50 títí dé 200.

Àrokò kẹta: "Má wá ènìyàn mọ́"

Bí ẹyin ti ń gbó, ẹ̀fọn a pa ebi ẹ̀jẹ̀ tì. Òórùn ara wa, àti èémí wa tí ó ti ń tọ̀ lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, kò tún fà á mọ́. Ní àkọ́kọ́, ikùn kíkún ni ó ń dá a dúró. Lẹ́yìn náà àrokò ọpọlọ a gba iṣẹ́ náà ṣe. Nínú Aedes aegypti èyí ń tó ọjọ́ mẹ́rin. Ìdáhùn ìbéèrè kejì nìyí. Nígbà tí ẹyin bá gbó tán, a fò lọ wá omi, a yé e, àṣẹ náà a sì dópin. Ebi a dé, òórùn wa a tún di adùn fún un, a sì padà wọ ilé wa. Ìdáhùn ẹ̀kẹta nìyẹn.

Ìṣirò tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀

Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ẹ̀fọn ibà ń parí irú ìrìn yìí, láti ẹ̀jẹ̀ dé omi àti láti omi dé ẹ̀jẹ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ 2 sí 3. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà tí ó bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀ ń lò tó ọjọ́ 10 sí 14 kí ó tó dé inú itọ́ rẹ̀, níbi tí ó ti lè wọ ara ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀fọn tí ó gba ibà lára aláìsàn lónìí kò lè fún ẹnikẹ́ni lọ́la. Ó ní láti rìn tó ìrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ikú nínú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí ẹ̀fọn 100 bá wà, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá ń kú lójoojúmọ́, nǹkan bí 28 ni yóò kù lẹ́yìn ọjọ́ 12. Bí a bá sapá kí ìdá méjì nínú mẹ́wàá máa kú lójoojúmọ́, nǹkan bí 7 péré ni yóò kù. A sọ ikú di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n àwọn eléwu tí ó kù kò di ìdajì lásán. Wọ́n di ìdá mẹ́rin. Irú ìṣirò yìí ni George Macdonald fi ye àwọn oníṣègùn ní àwọn ọdún 1950. Kò di dandan kí a pa gbogbo ẹ̀fọn Ọ̀jọ́ tán kí ibà tó dínkù. Kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbó ni.

Iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú

Ilẹ̀ Èkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìjà yìí. Ní 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. William MacGregor, tí ó jẹ́ Gómìnà Èkó láti 1899 títí di 1904, mú kí a fa omi àbàtà gbẹ kí a sì máa pín kuníìnì, a sì fi orúkọ rẹ̀ pe omi tí a gbẹ́ láàárín Èkó àti Ìkòyí. Ní 1925 ni Rockefeller Foundation dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Yábàá láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí Aedes aegypti ń gbé kiri. Ní 1927, Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kó àrùn yìí, ó sì kú sí Èkó.

Ẹ̀fọn Aedes aegypti kan náà ni Laura Duvall àti Leslie Vosshall, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi ṣe iṣẹ́ ní Rockefeller University ní New York. Wọ́n wá ibi tí ẹ̀fọn ti ń gba àrokò kẹta nì, wọ́n rí i, wọ́n sì dán èròjà tí ó lé ní 260,000 wò láti mọ èyí tí yóò dà bí àrokò náà. Ní 2019 wọ́n ròyìn pé ẹ̀fọn tí ó mu irú èròjà bẹ́ẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó: kò tọ òórùn ènìyàn lẹ́yìn mọ́. Àrokò èké ni wọ́n dì, ẹ̀fọn sì gbà á gbọ́. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni èyí, kì í ṣe oògùn tí a lè rà ní ọjà. Ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ibà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti mọ bí a ti ń fara da oògùn apakòkòrò tí a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Àrokò mẹ́ta ni ẹ̀fọn ń gbọ́. Ibi mẹ́ta ni ó yẹ kí a ti dè é.

Níbi oúnjẹ rẹ̀. Kí ọmọdé àti aboyún sùn lábẹ́ àwọ̀n olóògùn ní alaalẹ́, kí a sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní tàbí tìmùtìmù. A ti fi ìdánwò púpọ̀ mọ̀ pé àwọ̀n yìí ń dín ikú ọmọdé kù ní nǹkan bí 17 nínú 100. Ẹ rán ibi tí ó ya. Ẹ̀yin apẹja etí omi, ẹ má ṣe fi í pẹja. Ẹja tí ó mú kò tó owó ìsìnkú ọmọ kan.

Níbi ìsinmi rẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí a tó ṣí àwọ̀n àti fèrèsé, ẹ yẹ inú àwọ̀n wò, ẹ yẹ ara ògiri, ẹ̀yìn aṣọ tí a fi kọ́, àti abẹ́ ibùsùn. Ẹ̀fọn tí ó ti yó ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Oògùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń fín sí ara ògiri, àkókò ìsinmi yìí gan-an ni ó ń dúró dè.

Níbi ìyẹyin rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ẹyin di tanwíjí, láti tanwíjí di ẹ̀fọn tí ń fò, a máa tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ da omi agolo àti táyà nù, kí ẹ dí ihò tí omi dúró sí, kí ẹ sì bo táǹkì àti àmù. Ẹ fọ inú àmù pẹ̀lú kànìnkànìn, nítorí ẹyin Aedes a máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù mélòó kan láìkú. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù March, kí òjò ńlá tó dé. Kí a má sì ṣe dẹwọ́ títí òjò October yóò fi dá.

Bí ara ọmọ bá sì gbóná, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí a sì fún un ní oògùn tí ó tọ́, kí ó lò ó tán. Aláìsàn tí a tètè wò sàn kì í pẹ́ di ibi tí ẹ̀fọn ti ń gba ibà fún ará ilé yòókù.

Ọmọ tí ó gbá ẹ̀fọn mọ́ ògiri ní òwúrọ̀ rò pé ẹ̀san ni òun ń gbà fún jíjẹ tí ó jẹ òun lánàá. Ẹ jẹ́ kí a sọ fún un pé ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin tí ó tó 200 ni ó dá dúró lójú ọ̀nà odò. Ó sì ṣeé ṣe kí ibà ọjọ́ kejìlá, tí ì bá wọ ara àbúrò rẹ̀, ti kú sí abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.